Kọ́kọ́ Jókòó Kí O Tó Náwó

Kíkà fún òwúrọ̀ yìí: Lúùkù 14:28-30

Olùfẹ́, nínú ibi kíkà wa, Olúwa sọ̀rọ̀ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìṣọ́ tí kò lè parí rẹ̀. Ilé kíkọ́ kò burú. Ohun tí ó kó ìtìjú bá a ni pé ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kí ó tó ka owó ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan láptọ́ọ̀pù tí ó ti gbó nínú ilé rẹ. Bóyá òun ni o fi ń ṣe iṣẹ́ oníbàárà, tàbí òun ni ọmọ rẹ fi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì. Ó ń lọ́ra, ó ń gbóná, bí iná bá sì ti lọ, òun náà á kú. Owó tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀, owó ilé-ìwé sì ń bọ̀ lọ́nà. Kí ni kí o ṣe?

1. Mọ ohun tí ó ń ṣe é gan-an. Kì í ṣe gbogbo láptọ́ọ̀pù tí ó ń lọ́ra ni ó ti kú. Bí ó bá ń lo hard disk àtijọ́ tí ó ń yí nínú rẹ̀, fi SSD rọ́pò rẹ̀, yóò sì yá ju bí o ti rò lọ. Bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 4GB, tí ààyè sì wà láti fi kún un, sọ ọ́ di 8GB. Bí bátìrì nìkan ló kú, bátìrì ni kí o rà. Ṣùgbọ́n bí owó àtúnṣe bá ti ń lọ sí ìdajì owó òmíràn, má ṣe fi agbọ̀n pọnmi mọ́.

Rántí pẹ̀lú pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fi òpin sí ìtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2017 kò sì sí lára èyí tí Windows 11 gbà. Bí tìrẹ bá wà lára wọn, má tíì sọ ọ́ nù. Ọ̀fẹ́ ni Linux Mint, LibreOffice tí a fi ń tẹ ìwé sì ń bá a wá. Kọ́kọ́ bèèrè bóyá ohun tí iṣẹ́ rẹ nílò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

2. Rà á fún iṣẹ́ rẹ, má rà á fún ojú ayé. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fún ìwé títẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì, 8GB pẹ̀lú SSD tó. Ẹni tí ó ń ṣe fídíò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “tuntun” tàn ọ́ jẹ. Nínú àwọn tuntun tí owó wọn kéré jù, òmíràn wà tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ, tí a kò sì lè fi nǹkan kan kún un. Tòkunbọ̀ gidi bíi ThinkPad, Latitude tàbí EliteBook, tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, lè sàn fún ọ jù ú lọ.

3. Fi ojú ara rẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbáà jẹ́ Computer Village ní Ìkẹjà ni o lọ, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àdúgbò rẹ, tàn án kí o tó sanwó. Yọ ṣájà, kí o wo bí bátìrì ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Tẹ gbogbo kíbọ́ọ̀dù. Pa á, tún un tàn, kí o rí i pé kò bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà iléeṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ ni ín. Gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ara láptọ́ọ̀pù náà àti iye ọjọ́ tí o lè dá a padà wà nínú rẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá ti rọjú jù, tí ẹni tí ń tà á kò sì fẹ́ kọ rìsíìtì, sá! Ẹrù olè kì í fi ọkàn ẹni balẹ̀.

4. Má ṣe yá owó èlé nítorí rẹ̀. Bí owó kò bá tíì pé, dá àjọ tàbí lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ òní tó ṣú, da gbogbo fáìlì rẹ sórí flash, kí o sì fi ẹ̀dà mìíràn sí ibòmíràn. A lè rí láptọ́ọ̀pù mìíràn rà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin tí kò ní ẹ̀dà, ọjà wo ni a ti ń rà á?

Ìgbésẹ̀ òní: Mú bébà. Kọ iṣẹ́ tí láptọ́ọ̀pù náà ń ṣe, àrùn tí ó ń ṣe é, àti iye tí o lè san láìfọwọ́ kan owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé. Má ṣe lọ sí ọjà títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi pé.

Àdúrà: Olúwa, fún mi ní ọgbọ́n láti ṣírò, àti sùúrù láti dúró de ohun tí agbára mi ká. Àmín.