Ẹni Tí A Kò Rí Mọ́ Nínú Ẹgbẹ́

Ní ọdún 1938, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́pasẹ̀ ìgbésí ayé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 268 tí ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n da ìwádìí mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, èyí tí a ṣe lórí ọmọdékùnrin 456 láti àdúgbò àwọn tálákà ní ìlú Boston. Nígbà tí wọ́n darúgbó, ohun kan hàn gbangba: àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú ènìyàn tẹ́ lọ́rùn jù lọ ní ẹni 50 ọdún ni ara wọn le jù lọ ní ẹni 80. Èyí tọ́ka sí ìlera wọn ju ìwọ̀n ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Kò yẹ kí ó ya àwa onígbàgbọ́ lẹ́nu. Orí kejì Gẹ́nẹ́sísì ti fi hàn wá pé ohun àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run rí pé kò dára ni kí ènìyàn dá wà.

Síbẹ̀, ẹnìkan lè dá gbé kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀; ẹlòmíràn wà láàárín ìjọ, tí àdáwà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. John Cacioppo, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Yunifásítì Chicago, fi ìmọ̀lára yìí wé ebi: ìkìlọ̀ ni, pé a nílò ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó ní ewu kan tí ebi kò ní. Bí ó bá pẹ́ lára ẹni, a máa sọ olúwarẹ̀ di olùfura. Yóò máa rí ìkọ̀sílẹ̀ níbi tí kò sí. Yóò máa gbọ́ ẹ̀gàn nínú àwàdà. Yóò sì máa yẹra fún àwọn tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Kì í tilẹ̀ sùn wọra.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ẹ má ṣe tètè ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí ìgbéraga. Ẹnìkan wà tí kì í wá sí ìpàdé mọ́. Ó lè jẹ́ owó ẹgbẹ́ ni kò ní; ó lè jẹ́ pé ọkọ tàbí aya rẹ̀ ni ó kú; ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́, ojú sì ń tì í láti jókòó ti àwọn tí wọ́n jọ sùn ní yàrá kan náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp kò tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sí ilé rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ìnagijẹ àtijọ́ pè é. Ẹ má sì mẹ́nu kan owó ẹgbẹ́ rárá (kí àkápò wa jọ̀wọ́ foríjì wá).

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ti bi ọmọ léèrè máàkì rẹ̀ tán, ẹ bi í pẹ̀lú pé ta ni wọ́n jọ ń jẹun. Bí kò bá lè dárúkọ ẹnìkan, ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kí sáà náà tó parí.