Bí Àyẹ̀wò Bá Fi Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ Hàn Nínú Ilé



Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun. Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B, tí àwọn dókítà ń pè ní Hepatitis B, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà rẹ̀.

Kí ni àrùn yìí?

Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fà á, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń bà jẹ́. Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ènìyàn lè gbé e kiri fún ogún ọdún láìmọ̀, kí ó tó sọ ẹ̀dọ̀ di kìkì àpá tàbí kí ó dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 àwọn tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ni a bá a lára wọn.

Báwo ni ó ṣe ń ràn?

Ó ń ràn nígbà ìbálòpọ̀, láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbímọ, àti láti ara abẹ tàbí abẹ́rẹ́ tí ènìyàn méjì jọ lò. Kòkòrò yìí lè wà láàyè lórí abẹ fún ọjọ́ 7. Nítorí náà, abẹ tí a fi sín gbẹ́rẹ́, tí a fi fá orí tàbí tí a fi ré èékánná fún ẹnì kan kò gbọdọ̀ kan ẹlòmíràn. Jíjẹun pọ̀, dídì mọ́ra àti fífún ọmọ lọ́mú kì í ràn án.

Ẹ má ṣe sọ àyẹ̀wò di ẹjọ́

Bí a bá rí i lára aláboyún, àwọn ọkọ kan a máa fẹ̀sùn àgbèrè kàn án. Èyí kò tọ́. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kó o láti kékeré. Nínú ọmọ 10 tí ó bá kó o nígbà ìbí, nǹkan bí 9 ni yóò gbé e dàgbà. Ṣùgbọ́n nínú àgbàlagbà 100 tí ó bá kó o, ara àwọn tí ó lé ní 95 ni yóò lé e jáde. Èsì àyẹ̀wò kò lè sọ ẹni tí ó mú un wọlé. Ìjà kò lè dáàbò bo ará ilé; abẹ́rẹ́ ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ni ó yẹ kí ó gbà á?

1. Ọmọ tuntun, láàárín wákàtí 24 tí a bí i, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà lára àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọdé.
2. Ọkọ, ìyàwó, orogún àti gbogbo ará ilé ẹni tí ó ní in.
3. Ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú àtọ̀sí tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, àti ẹni tí ó ń bá ju ẹnì kan lọ lòpọ̀.
4. Òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹni tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lemọ́lemọ́.

Báwo ni àgbàlagbà ṣe ń gbà á?

Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí àrùn náà kò bá sí lára yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ kìíní. Ẹ gba èkejì lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ sì gba ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà. Ẹ má ṣe dá a dúró lágbede méjì. Títí yóò fi pé, kí tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ní àrùn náà máa lo rọ́bà ìdáàbòbò. Abẹ́rẹ́ yìí kò wo ẹni tí ó ti ní àrùn náà sàn. Kí onítọ̀hún máa rí dókítà déédéé, nítorí oògùn wà tí ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún ìtọ́jú oyún ní Lagos Island Maternity Hospital tàbí ní ilé ìwòsàn mìíràn, ẹ béèrè àyẹ̀wò yìí, kí ẹ sì mú bàbá ọmọ dání.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ta ni kò tíì ṣe àyẹ̀wò nínú ilé wa?
2. Abẹ mélòó ni a jọ ń lò?