Ẹran Ọ̀sìn Tí Kì í Jẹun

Ajá kan wà tí kì í jẹ egungun. Ológbò kan wà tí kì í lé eku. Ẹ má rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa fún yín o. Ẹ̀rọ ni wọ́n. Ènìyàn ló fi ọwọ́ ṣe wọ́n, ó fi irun bò wọ́n lára, ó fi bátìrì sí wọn nínú. Bí ẹ bá fọwọ́ pa wọ́n lórí, wọn a gbé orí sókè, wọn a ké. Orúkọ tí à ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì. Ẹ kà á sókè: rọ́-bọ́ọ̀-tì. Rọ́bọ́ọ̀tì ni ẹ̀rọ tí ó ń mọ ohun tí a ṣe sí i, tí ó sì ń mira fúnra rẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ní ilẹ̀ Jàpáánì, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ arúgbó ló ń gbé ní ilé tí a kọ́ fún ìtọ́jú àwọn àgbà. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba, púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n lè sọ fún yín bí ó ti rí. Iyè àwọn mìíràn nínú àwọn arúgbó náà ti rà. Ìyá kan lè máa wá ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú tipẹ́. Ó lè máa sunkún nírọ̀lẹ́ pé òun fẹ́ lọ sílé. Ó lè jẹ́ pé láti kékeré ló ti ń sin ajá, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti bọ́ ajá mọ́, kò sì lè rántí bóyá ó ti fún un lóúnjẹ. Nítorí irú wọn ni a ṣe ń ṣe ẹran rọ́bọ́ọ̀tì.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bí ẹran náà yóò ti rí? Ṣé onímọ̀ ẹ̀rọ tó jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ni, àbí arúgbó tí yóò gbé e lé ẹsẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà lónìí nìyẹn.

Séálì tí ń jẹ́ Paro

Ọ̀gbẹ́ni Takanori Shibata jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Jàpáánì. Ní ọdún 1993 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ó gbìyànjú ológbò ẹ̀rọ. Nígbà tí ó gbé e fún àwọn ènìyàn, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Gbogbo wọn ló mọ ológbò. Wọ́n mọ bí ó ti ń rìn, wọ́n mọ bí ó ti ń fi ara ra ni lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi ológbò ẹ̀rọ wé ológbò gidi, wọ́n sì rí i pé kò tó o. Shibata gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Kò bá wọn jiyàn. Ó wá ẹran mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í sábà fọwọ́ kàn, kí wọ́n má baà rí ohun tí wọn yóò fi wé e. Ọmọ séálì ni ó mú.

Séálì jẹ́ ẹranko inú òkun. Irú èyí tí Shibata mú ń gbé níbi tí òtútù ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń dì. Ọmọ rẹ̀ funfun bí òwú, ojú rẹ̀ sì dúdú roboto. Shibata lọ títí dé ilẹ̀ Kánádà láti wo àwọn ọmọ séálì lórí yìnyín. Ó gba ohùn igbe wọn sílẹ̀, igbe náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń ké títí di òní.

Ó sọ ẹ̀rọ náà ní Paro. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 57, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ọmọ tuntun. Ọwọ́ tó ti gbé ọmọ rí mọ irú ìwúwo bẹ́ẹ̀. Ó ń mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, ó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́ àti bí ó bá ṣú, ó sì ń gbọ́ ohùn. Bí ẹ bá ń fi orúkọ kan pè é nígbà gbogbo, yóò kọ́ orúkọ náà, yóò sì máa dáhùn. Bí ó bá ṣe nǹkan kan tí ẹ sì fọwọ́ pa á lára, yóò gbìyànjú láti tún un ṣe. Bí ẹ bá gbá a, kò ní fẹ́ tún un ṣe mọ́. Bí bátìrì rẹ̀ bá rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí wọ́n fi ń gbé iná fún un dàbí ọmú rọ́bà tí a ń fi sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Ẹnu ni wọ́n ń fi í sí. Èyí wú mi lórí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó ń fún un níná kò rí bí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó rí bí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú.

Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Paro ní Jàpáánì. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìtọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti ta ẹyọ kan ní nǹkan bí 6,000 dọ́là rí ní Amẹ́ríkà.

Wọ́n bi àwọn arúgbó léèrè

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ìlú Ọba, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Plymouth ṣe ohun kan tó dára. Wọ́n kó ẹran ẹ̀rọ àti ẹran ìṣeré oríṣi 8 jọ. Wọ́n gbé wọn fún arúgbó 17. Wọ́n tún gbé wọn fún onímọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì 18. Wọ́n wo bí oníkálukú ti ń fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n sì bi wọ́n pé: Èwo lẹ fẹ́? Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ ẹ? Ní 2019 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde.

Paro wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó jọ àwọn ẹranko ayé àtijọ́, bí alángbá ńlá. Ajá àti ológbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, irú èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti Paro gan-an.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì rò ó bí Shibata ti rò ó. Wọ́n ní ẹran tí ènìyàn kò mọ̀ dáadáa ló dára jù. Àwọn arúgbó kò gbà. Ajá àti ológbò ni wọ́n fẹ́, ohun tí ojú wọn ti rí rí. Wọ́n fẹ́ irun tó rọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ ẹran tí yóò dáhùn bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n sì fẹ́ èyí tí owó wọn ká. Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó ń ṣe nǹkan ń lọ sí òkè, àwọn tí a ń ṣe é fún ń lọ sí ìsàlẹ̀. Bí a kò bá pe àwọn arúgbó yẹn, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹnì kan lè bèèrè pé: Ṣé Shibata ṣì í ṣe nígbà náà ni? Rárá. Òun náà gbọ́ tẹnu àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará ibì kan sọ kọ́ ni àwọn ará ibòmíràn yóò sọ. Nítorí náà, a kì í bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì káwọ́ lẹ́yìn.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Tombot ń ṣe ajá ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Jennie. Ìyá ẹni tó dá a sílẹ̀, Tom Stevens, ní àìsàn ìgbàgbé, wọ́n sì ní láti gba ajá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ewu. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí nílé mọ ohun tó ń wá. Jennie kì í rìn káàkiri. Orí ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó ń dùbúlẹ̀ sí, tí ó ń ju ìrù, tí ó ń gbórí. Arúgbó tí kò ríran dáadáa lè kọsẹ̀ lára ajá tó ń rìn nílẹ̀, kí egungun ìtàn rẹ̀ sì kán. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ lè rò pé rírìn ni iyì ajá.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí ó yẹ kí àwọn olùrà máa bèèrè: Ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́? Ilé-iṣẹ́ Sony ní Jàpáánì ṣe ajá ẹ̀rọ tó ń jẹ́ AIBO ní 1999. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ní 2006 wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró, ní 2014 wọn kò sì tún àwọn ti àtijọ́ ṣe mọ́. Ní 2015, wọ́n kó àwọn ajá tí ó ti kọṣẹ́ lọ sí tẹ́ḿpìlì kan tí ń jẹ́ Kofukuji, àlùfáà sì gbàdúrà ìdágbére fún wọn bí ẹni ń sin òkú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ń dá gbé, tí ajá yẹn ń kí i ní gbogbo àárọ̀, ọ̀fọ̀ ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Ní 2018, Sony tún gbé irú ajá mìíràn jáde.

Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni kí a gbé ajá ẹ̀rọ fún ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Ohun tí èmi rò ni pé bí ìyá bá bèèrè pé, “Ṣé ajá gidi nìyí?”, kí a sọ òtítọ́ fún un. Àwọn mìíràn mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, wọ́n ṣì ń fọwọ́ pa á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọmọ tí yóò ra ológbò ẹ̀rọ fún ìyá rẹ̀, tí kò sì ní yọjú sí i mọ́. Ológbò yẹn kò mọ̀ bí ìyá kò bá jẹun láti àná.

Iṣẹ́ kíkọ

Ẹ mú pẹ́ńsùlù àti ìwé. Ká ní ẹni tó ń ṣe ẹran ẹ̀rọ ń bọ̀ wá sí àdúgbò yín lọ́la, kí ni ẹ ó sọ fún un? Ẹ kọ gbólóhùn 5. Ẹran wo ni kí ó ṣe fún ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà inú ilé yín: ewúrẹ́ ni, adìyẹ ni, àbí ajá? Báwo ni kí ó ti máa ké? Kí ni kí ó má ṣe rárá? Níbo ni yóò ti máa rí iná gbà? Ẹ má dá a kọ o. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti àgbà náà, kí ẹ bi í, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ti sọ ọ́.