Agbára àti Ìmọ́gaara Àmì: Èdè-Ìperí fún Wíwá Àléébù Tẹlifíṣọ̀n Sátẹ́láìtì Nínú Ilé Onídikódà Púpọ̀

1. Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, wọ́n sì pe tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán. Orúkọ méjèèjì dára, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe lójú ẹni tí ń lò ó ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni orúkọ ẹ̀rọ lódindi, ọ̀tọ̀ ni orúkọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ń wo tẹlifíṣọ̀n lè fi ti àkọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tí ń tún un ṣe, àti olùkọ́ tí ń kọ́ ọ ní iṣẹ́, kò lè ṣe aláìní èkejì.

Ọ̀ràn yìí hàn kedere nínú ilé tí àwo sátẹ́láìtì kan ti ń bọ́ dikódà méjì tàbí mẹ́ta. Àwòrán á mọ́ ní pálọ̀, á sì máa já ní yàrá àwọn ọmọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni onílé sábà máa ń sọ: ‘Kò mú dáadáa.’ Bí oníṣẹ́ náà kò bá ní ju gbólóhùn yìí lọ, orí òrùlé ni yóò gùn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwo kiri. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwo kọ́ ló ṣẹ̀. Yàrá kan tí kò mú tẹ́lẹ̀ á wá di mẹ́ta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ‘kò mú’ kó àléébù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, àti pé èdè-ìperí tí ó bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ àtúnṣe. Àwọn mẹ́ta náà ni àìlágbára àmì, àìmọ́gaara àmì, àti ìforígbárí àwọn dikódà lórí àmì kan náà.

2. Ọ̀nà tí àmì ń gbà dé inú yàrá

Sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Ó ń bá ayé yí lọ́gbọọgba. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ohun tí ó dúró sójú kan. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń gba tẹlifíṣọ̀n sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wà ní ìwọ̀n 36 ní ìlà-oòrùn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo ní Ìbàdàn àti Èkó ṣe kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn tí wọ́n sì gbé ojú sókè.

Àwo kì í ṣe ju kí ó kó ìgbì jọ sí ojú kan lọ. Ohun kékeré tí ó wà níwájú rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní LNB, ni ó ń gba ìgbì náà. Iṣẹ́ méjì ni LNB ń ṣe: ó ń fi okun kún ìgbì tí ó ti rẹ̀, ó sì ń dín iye ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kù, láti 10.7 sí 12.75 GHz wá sí 950 sí 2150 MHz, kí wáyà lè gbé e. Iye ìgbọ̀nrìrì ni iye ìgbà tí ìgbì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Wáyà tí ó so LNB mọ́ dikódà jẹ́ ọ̀nà àlọ àti àbọ̀. Àmì ń gba inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Iná tí LNB fi ń ṣiṣẹ́ ń gba inú rẹ̀ kan náà gòkè láti ara dikódà. Iná yìí tún ni dikódà fi ń pàṣẹ. Lára irú LNB tí ó wọ́pọ̀ jù, bí dikódà bá rán 13 fólítì, ìgbì olóòró ni ó béèrè; bí ó bá rán 18 fólítì, ìgbì oníbùú ni. Òòró àti ìbú tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ nínú ìṣirò ni a lò níhìn-ín. Kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

3. Agbára àti ìmọ́gaara

Bí a bá ṣí ojú-ewé àyẹ̀wò lórí dikódà, ìlà méjì ni a sábà máa ń rí. Ìkínní ń sọ bí ohun tí ó wọlé ti pọ̀ tó. Ìkejì ń sọ bí dikódà ti rí ọ̀rọ̀ kà tó nínú ohun tí ó wọlé náà. Ìkínní kò ṣòro: agbára àmì ni. Ìkejì ni ó gba àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ṣeé gbé yẹ̀ wò:

(a) ìdára àmì
(b) ojúlówó àmì
(d) ìmọ́gaara àmì

Ìdára gbòòrò jù. Àmì tí ó lágbára náà dára. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò yà á sọ́tọ̀ sí agbára. Òdì ojúlówó ni ayédèrú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ayédèrú nínú ọ̀ràn yìí. Àmì náà kò yí padà, ariwo ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ìmọ́gaara ni ó bá a mu jù lọ. Omi ni a máa ń sọ pé ó mọ́ gaara, omi sì lè pọ̀ kún àgbá kí ó má mọ́. Bákan náà ni omi ìsun tí ó kéré lè mọ́ débi pé a ó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí fi yé akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé pípọ̀ kì í ṣe mímọ́.

Ohun tí ń da àmì rú náà gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ariwo sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń kígbe láàárín ọjà lè ní ohùn ńlá kí a má gbọ́ ohun tí ó ń wí. Bí a bá fún un ní gbohùngbohùn tí ó sì gbé ohùn rẹ̀ àti ariwo ọjà sókè pọ̀, a kò tíì ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ afokunkún, tí a bá fi sí ẹ̀yìn wáyà gígùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Itòsí LNB ni ipò rẹ̀, níbi tí àmì kò tíì rẹ̀.

Láti inú ìlà méjèèjì ni a ti lè ka àwọn nǹkan wọ̀nyí:

(i) Agbára pọ̀, ìmọ́gaara kò sí tàbí ó kéré: ó ṣeé ṣe kí àwo má kọjú sí ibi tí ó yẹ, kí LNB wọ́, tàbí kí ìgbì mìíràn dà á rú.
(ii) Agbára kéré, ìmọ́gaara ń lọ sókè sódò: ó ṣeé ṣe kí wáyà gùn jù, kí a ti pín àmì jù, tàbí kí kọnẹ́tọ̀ má dára.
(iii) Méjèèjì kò sí rárá: ó ṣeé ṣe kí wáyà já, tàbí kí iná má dé ọ̀dọ̀ LNB.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Iye tí dikódà kọ sójú kì í ṣe òṣùwọ̀n tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lé. 70 lójú dikódà kan lè jẹ́ 50 lójú òmíràn, lórí wáyà kan náà. Nítorí náà, iye tí ó yàtọ̀ nìkan kò fi hàn pé yàrá kan ń jìyà.

4. Apín-àmì àti ayàn-àmì

‘Splítà’ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ohun èlò kékeré èyíkéyìí tí wáyà kan wọ̀ tí púpọ̀ sì jáde. Orúkọ kan ṣoṣo yìí bo ìyàtọ̀ ńlá mọ́lẹ̀. Irú kan ń pín àmì bí ẹni pín iṣu: bí ó bá ya á sí méjì, kò sí èyí tí ó lè gbà ju ìdajì lọ. Èyí ni apín-àmì. Irú kejì ń gba ìgbì olóòró àti oníbùú sínú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń jẹ́ kí dikódà kọ̀ọ̀kan yan èyí tí ó fẹ́. Èyí ni ayàn-àmì. LNB ẹlẹ́nu méjì tàbí mẹ́rin, tí ẹnu rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, ní ayàn-àmì nínú ara rẹ̀.

Bí a bá fi apín-àmì so dikódà méjì mọ́ ẹnu LNB kan, tí ti pálọ̀ béèrè ìgbì oníbùú pẹ̀lú 18 fólítì, tí ti yàrá sì béèrè olóòró pẹ̀lú 13, èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ ni LNB yóò gbọ́. Àwọn ìkànnì kan yóò pòórá ní yàrá, wọn yóò sì padà nígbà tí ẹni tí ó wà ní pálọ̀ bá yí ìkànnì. Ìforígbárí nìyí. Kò sí iye agbára tí a fi kún un tí yóò wò ó sàn.

5. Ètò ìwádìí nínú ilé kan

Ká ní àwo wà lórí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tí wáyà pálọ̀ jẹ́ mítà 10, tí ti yàrá ọmọ sì jẹ́ mítà 40. Desibẹ́lì ni a fi ń wọn àdínkù àmì: àdínkù 3 desibẹ́lì jẹ́ kí agbára ku ìdajì, àdínkù 10 sì jẹ́ kí ó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Wáyà RG-6 ń mú nǹkan bí 3 desibẹ́lì kúrò ní mítà 10 bí iye ìgbọ̀nrìrì bá sún mọ́ 2150 MHz, ó sì ń mú nǹkan bí 2 kúrò ní itòsí 950. Nítorí náà, àdínkù pálọ̀ jẹ́ 3, ti yàrá ọmọ jẹ́ 12. Ohun tí ó dé yàrá ọmọ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ti pálọ̀ lọ. Ó tún hàn pé àwọn ìkànnì tí iye ìgbọ̀nrìrì wọn ga ni yóò kọ́kọ́ já níbẹ̀.

Ìlànà ìwádìí dá lé ìbéèrè kan: kí ni gbogbo yàrá jọ ń lò, kí sì ni ti yàrá kan ṣoṣo?

(i) Bí àwòrán bá ń já ní gbogbo yàrá, ohun àjùmọ̀lò ni a ó wò: òjò líle, ẹ̀ka igi tí ó yọ síwájú àwo, àwo tí atẹ́gùn yí, tàbí LNB.
(ii) Bí yàrá kan ṣoṣo ni, a ó gbé dikódà ibẹ̀ lọ sí pálọ̀, a ó sì fi wáyà pálọ̀ sí i. Bí àléébù bá tẹ̀ lé e, dikódà ló ṣẹ̀. Bí ó bá sàn, wáyà yàrá ni a ó lọ wò.
(iii) A ó yọ àwọn dikódà yòókù kúrò. Bí ti yàrá bá sàn lójú ẹsẹ̀, ìforígbárí tàbí pínpín ni.
(iv) A ó ṣí kọnẹ́tọ̀ wò ní orí méjèèjì. Fọ́nrán kan ṣoṣo láti ara àwọ̀n wáyà, tí ó bá kan bàbà àárín, tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Omi tí ó wọ wáyà náà ń ba àmì jẹ́.
(v) Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni a ó fọwọ́ kan àwo.

6. Àgbálọgbábọ̀

Èdè-ìperí tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá nìyí: àmì, ìgbì, iye ìgbọ̀nrìrì, ìgbì olóòró àti oníbùú, agbára àmì, ìmọ́gaara àmì, ariwo, àdínkù, apín-àmì, ayàn-àmì, ẹ̀rọ afokunkún, ìforígbárí. Dikódà, LNB, wáyà, desibẹ́lì àti kọnẹ́tọ̀ ni a fi sílẹ̀ bí wọ́n ti wà lẹ́nu oníṣẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tí wọ́n ń ṣì lọ́nà.

Ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí atúmọ̀-èdè lò. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò ni ó yẹ kí a pààrọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti kó ohun méjì pọ̀ tí oníṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ wà. Atúmọ̀-èdè tí ó bá kọ ‘agbára’ fún ìlà méjèèjì ojú dikódà kò tíì ṣàṣìṣe nínú gírámà, ṣùgbọ́n ó ti rán ènìyàn kan gun òrùlé lásán.