Lẹ́yìn Tí Ìbọn Bá Dún: Bí Ọdẹ Ṣe Ń Wá Àgbọ̀nrín Tí Ó Gbọgbẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá wọ ọkọ̀ láti Mgbuoba níbí lọ sí Omagwa, a ó rí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà. Àwa tí a dàgbà sí Port Harcourt mọ owó rẹ̀, a kò mọ ohun tí ojú ọdẹ rí.

Àgbọ̀nrín tí ọta bà lè sáré wọgbó kí ó tó ṣubú. Ṣé kí ọdẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ ni, àbí kí ó dúró? Ẹ̀jẹ̀ ni yóò dá a lóhùn. Yóò sàmì sí ibi tí ẹran dúró sí nígbà tí ìbọn dún, yóò sì wo ilẹ̀ dáadáa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pupa fòò, tí ó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni ọta bá. Kí ó dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí ó bá ń dúdú lọ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹ̀dọ̀. Kí ó fún un ní wákàtí 3 tàbí 4. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kéré, tí ó ń rùn, tí koríko jíjẹ wà nínú rẹ̀, ìfun ni. Èyí ni ó le jù. Ẹran tí a kò lé yóò dùbúlẹ̀ nítòsí. Èyí tí a lé, ìbẹ̀rù yóò gbé e lọ jìnnà, ẹ̀jẹ̀ á sì dá lójú ọ̀nà.

Ìwé àwọn òyìnbó ní kí a fi irú èyí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ tiwọn tutù! Níbí, ooru yóò ba ẹran jẹ́, òjò yóò sì fọ ẹ̀jẹ̀ nù. Lójú tèmi, bí òjò bá ṣú, kí ọdẹ máa lọ, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́. Kí ó má tẹ ojú ipa mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbà. Kí ó wo ara ewé pẹ̀lú, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti pòórá, kí ó fi nǹkan sàmì sí èyí tí ó rí kẹ́yìn, kí ó wá yí ibẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀.

(Àwọn kan máa ń pe àgbọ̀nrín ní deer. Kì í ṣe òun. Ìwo deer a máa já lọ́dọọdún. Ti àgbọ̀nrín kì í já.)

Ìwo yìí gan-an ni ewu. Akọ tí ó gbọgbẹ́ lè kan ènìyàn pa. Nítorí náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọdẹ ń gbà sún mọ́ ọn. Yóò fi igi gígùn kan ojú rẹ̀. Bí kò bá ṣẹ́jú, ó ti kú.