Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ Lórí Èdè Sípéènì Tó Ń Kọ́ Àwọn Ọmọdé

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé ìwọ àti ọ̀gá ilé-ìwé yín ní England ti fẹnu kò láti fagi lé iṣẹ́ Sípéènì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún, kí àyè lè gba ìṣirò. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Ìwọ tí gbogbo wa dáwó jọ rán lọ kọ́ èdè yẹn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. O ṣèlérí fún àwọn òbí pé ọmọ ọdún méje tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ yóò sọ ọ́ geere, wọn ò sì tíì rí i. Lóòótọ́, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kì í kọ́ni lédè. Ní Barcelona, Carmen Muñoz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ ọdún 8 wé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 11. Níbi tí wákàtí ẹ̀kọ́ wọn ti dọ́gba, àwọn tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló ṣíwájú. Ọmọ tó dàgbà díẹ̀ máa ń tètè lóye òfin èdè. Etí ni ọmọdé fi ń kọ́ tirẹ̀, etí sì ń fẹ́ àkókò púpọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣe kéré tó ni àtìgbàdégbà ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì tó. Ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún lè fún wọn ní orin àti oúnjẹ, kò lè fún wọn lédè.

Wo ọmọ tó kọ́ “el libro rojo” (ìwé pupa) lọ́jọ́ Ajé. Bó bá kan ilé, “la casa rojo” ni yóò sọ. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ “la casa roja” lẹ́nu rẹ, kó rí i lára pátákó, kó tún bá a pàdé nínú eré, kí etí rẹ̀ tó kọ àṣìṣe náà fúnra rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún.

O lè sọ pé ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn alábẹ̀wò ń wò jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni èdè àjèjì ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ní England fún ọmọ ọdún 7 sí 11. O tún lè sọ pé Faransé ni ilé-ìwé girama tí wọ́n ń lọ yóò fún wọn. Ọmọ tó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè yí ìparí rẹ̀ padà nítorí èkejì kò ní bẹ̀rẹ̀ Faransé lọ́wọ́ òfo. Ohun tí ilé-ìwé bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ni ọmọ ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ní 2004 tí ìjọba ibẹ̀ sọ pé èdè kì í ṣe dandan mọ́ fún ẹni tó ti pé ọdún 14, iye àwọn tó ń ṣe ìdánwò Faransé àti Jámánì já wálẹ̀ gidigidi. Tiwa nílé ní Nàìjíríà ṣì ń dùn mí di òní. Abacha tó ń ṣèjọba wa nígbà náà kéde Faransé ní èdè ìjọba kejì ní 1996, orílẹ̀-èdè Benin tó ń sọ Faransé sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, síbẹ̀ a ò wá tíṣà tó pọ̀ tó, a ò sì wá wákàtí fún un. Ìkéde náà ló ṣẹ́kù.

Nítorí náà, padà tọ ọ̀gá rẹ lọ. Bí wákàtí kan bá wọ́n, bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí àwọn tíṣà kíláàsì sì máa fi Sípéènì kí àwọn ọmọ láràárọ̀. Sọ òótọ́ fún àwọn òbí pé ìpìlẹ̀ lo ń fi lélẹ̀. Kọ̀wé sí ilé-ìwé girama tí àwọn ọmọ náà ń lọ, kí wọ́n mọ ibi tí o bá a dé. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò sì ní yí ohùn padà lórí èyí: má fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.