Owó Oníbàárà Ni Máìlì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Jabi, ní Àbújá yìí, yálà ẹ ní ọ́fíìsì nítòsí adágún tàbí orí fóònù lẹ ti ń ṣe tiyín, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn oníbàárà yín ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Istanbul àti Houston lọ́dọọdún, wọ́n ń san owó tó lè ra ilẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní máìlì kan ṣoṣo, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wọ bàálù wọn. Aṣojú gba owó, ó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde, kò sì béèrè nọ́ńbà àkáǹtì máìlì. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó oníbàárà ni máìlì. Bí ẹ kò ṣe ní gbàgbé ṣéńjì rẹ̀, ẹ má gbàgbé èyí náà.

Ẹ kọ́kọ́ bá oníbàárà yan ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ bàálù. Ẹ wo pápákọ̀ òfuurufú Nnamdi Azikiwe tiwa. Lufthansa, Turkish, EgyptAir àti Ethiopian ń balẹ̀ síbẹ̀, inú Star Alliance sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Lufthansa wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1997, Turkish àti EgyptAir wọ̀ ọ́ ní 2008, Ethiopian ní 2011. British Airways àti Qatar wà ní oneworld, Air France wà ní SkyTeam. Ẹni tó bá wọ Turkish lọ́dún yìí, tó wọ Lufthansa lọ́dún tó ń bọ̀, lè kó máìlì méjèèjì sínú àkáǹtì ShebaMiles ti Ethiopian. Bó bá lọ ń ṣí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan káàkiri, díẹ̀díẹ̀ ni yóò ní níbi gbogbo, kò sì ní í tó nǹkan kan ṣe níbì kankan.

Fún ará Àbújá, Ethiopian ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, mo sì nídìí. Nígbà tí wọ́n ti pápákọ̀ wa pa ní oṣù kẹta 2017 láti tún ojú ọ̀nà bàálù ṣe, tí gbogbo ìrìnnà ṣí lọ sí Kàdúná, Ethiopian nìkan ni ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó gbà láti máa balẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí a tún ṣí tiwa ní oṣù kẹrin, bàálù wọn ló kọ́kọ́ balẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò fi ọ̀nà yín sílẹ̀ ló yẹ kí oníbàárà yín kó máìlì sí. Ẹ rántí Emirates, tó dá ìrìnnà Nàìjíríà dúró ní 2022, tí kò padà títí di oṣù kẹwàá 2024, tó sì jẹ́ pé Èkó ló padà sí.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tí máìlì ń rà gba gbogbo ọkàn yín. Ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn wa láǹfààní jù ni ipò tí wọ́n ń fún ẹni tó ń wọ bàálù wọn déédéé. Ẹni tó bá dé ipò Gold ní Star Alliance, ilé-iṣẹ́ yòówù tó bá wọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, wọn á fún un ní ẹrù kan sí i, tàbí ogún kílò sí i níbi tí wọ́n bá ti ń fi kílò wọn ẹrù. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ogún kílò jẹ́ fún ìyá tó ń gbé èlùbọ́, gàrí àti ẹja gbígbẹ lọ bá ọmọ tó bímọ. Ẹ máa sọ èyí fún oníbàárà kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Ẹ wá ṣọ́ lẹ́tà tó ń fi ipele owó tíkẹ́ẹ̀tì hàn. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lè gba ìjókòó kan náà lẹ́yìn bàálù, kí lẹ́tà wọn yàtọ̀, kí ọ̀kan mú máìlì tó pọ̀ wá, kí èkejì má mú nǹkan kan wá. Ẹ yẹ tábìlì máìlì ilé-iṣẹ́ tó ni àkáǹtì oníbàárà wò kí ẹ tó tà á. Ní ti Air France àti British Airways, iye owó tí oníbàárà san ni wọ́n ń wò tí ó bá kó o sí àkáǹtì tiwọn: Flying Blue ti Air France ń fún ẹni tí kò tíì ní ipò ní máìlì mẹ́rin lórí euro kan, British Airways ń fún un ní mẹ́fà nínú máìlì tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Avios, lórí pọ́n-ùn kan. Owó orí ìjọba kò sí nínú ìṣirò náà.

Bí oníbàárà bá ti ní máìlì, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Máìlì kò dà bí àjọ, tí ẹni tó ń kó o mọ iye tí alájọ máa san fún òun. Ilé-iṣẹ́ lè sọ lọ́la pé ìjókòó tó jẹ́ ọ̀kẹ́ méjì máìlì ti di ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Avios tí a kò fọwọ́ kàn fún oṣù mẹ́rìndínlógójì yóò ṣègbé. Ṣùgbọ́n náírà kọ́ ni a fi ń díwọ̀n máìlì, ibẹ̀ sì ni ọlá rẹ̀ wà fún wa. Ní 2023, nígbà tí owó àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ òkèèrè tó ju 800 mílíọ̀nù dọ́là há sí Nàìjíríà, wọ́n ti àwọn tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú mọ́ wa. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, dọ́là fò láti nǹkan bíi náírà 471 kọjá 700. Ẹni tó ní máìlì nígbà náà kò ní láti kó gbogbo owó náà sílẹ̀. Ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ́n ni kí ó ná an, fún ìsìnkú òjijì tàbí láti gòkè sí Business ní ìrìn òru. Bó bá jẹ́ Kérésìmesì ló fẹ́, kí ó ti wá ìjókòó láti nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, nítorí British Airways ń ṣí tiwọn ní 355 ọjọ́ ṣáájú. Ẹ ka owó àfikún tí wọ́n fi lé tíkẹ́ẹ̀tì máìlì sí i létí, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù kan máa ń gbà á dáadáa. Ẹ má jẹ́ kó fi máìlì ra ago tàbí báàgì; owó ọ̀hún kì í tó nǹkan.

Ní ti orúkọ, bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni kó wà nínú àkáǹtì. Ìyàwó tó ti gba orúkọ ọkọ, tí àkáǹtì rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, máìlì lè má wọlé fún un. Ẹ má sì ṣe fi íméèlì yín ṣí àkáǹtì fún oníbàárà. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á wá ta máìlì náà fún ẹlòmíràn láìjẹ́ kí oníǹkan mọ̀. Olè ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì mọ̀ ń ti àkáǹtì bẹ́ẹ̀ pa, oníbàárà a sì pàdánù ohun tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Íméèlì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tí òun nìkan mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ṣí fáìlì àwọn tó rìnrìn àjò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tí máìlì rẹ̀ kò wọlé, ẹ pè é. Kó wá boarding pass rẹ̀, kẹ́ ẹ bá a wá nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀: 071 ló ń bẹ̀rẹ̀ ti Ethiopian, 220 ti Lufthansa, 125 ti British Airways. Kó fi í béèrè máìlì náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù kí àkókò tí wọ́n fún un tó pé. Fún ti ọ̀la, ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì máìlì oníbàárà sínú Amadeus tí ẹ fi ń ṣe tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ sì fi í han oníbàárà lójú kó tó dìde ní ìjókòó.